Ọmọ Òrukàn Nílò Ẹni Tí Yóò Fara Tì

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn láti inú omi lásán, tí ó fi àánú sí ọkàn ìyá kí ó tó fi wàrà sí ọmú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), ẹni tí a bí ní ọmọ òrukàn tí ó sì di àánú fún gbogbo ayé, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.



Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò dá lórí iye owó tó wọlé tàbí iye ọmọ tí a rán lọ sí ilé-ìwé. Ó dá lórí ohun kan tí a kì í kọ sínú ìwé ìṣirò owó, bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí i, owó tí a ná lórí ọmọ kò ní ṣe é ní àǹfààní tó yẹ. Ohun náà ni ẹni kan pàtó tí ọmọ lè fara tì, tí kò ní wà lónìí kí ó má sí lọ́la. Kí n tó sọ ohun tí àwọn onímọ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí ó ti ọwọ́ èmi fúnra mi wá.

ÀṢÌṢE TÍ A ṢE

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n mú ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan wá sí iwájú ẹgbẹ́ wa. Bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e láàárín ọdún kan. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ni ó wà ní abúlé. Ẹ̀kọ ni ìyá àgbà yìí ń tà. Ilé alámọ̀ ni wọ́n ń gbé, iná mànàmáná kò sí, olùkọ́ kò sì tó ní ilé-ìwé abúlé náà. Mo wo gbogbo rẹ̀, mo ní ọmọ yìí kò lè rí ayé gbé níbẹ̀. Èmi ni mo dá a lábàá ní ìpàdé pé kí a gbé e wá sí ìlú, sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó jẹ́ tíṣà. Ìyá àgbà sunkún, ṣùgbọ́n ó gbà, nítorí ó rò pé àwa tí a mọ̀wé la mọ ohun tó dára.

Ọmọ náà sunkún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi gbé tíṣà lọ sí ìlú mìíràn, a sì gbé ọmọ lọ sí ilé kejì. Ìyàwó ilé kejì bímọ, àyè kò gbà wọ́n mọ́, a gbé e lọ sí ilé kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí kò sunkún rárá. Ó jẹun, ó wẹ̀, ó kí gbogbo ènìyàn, ó sì sùn. Inú wa dùn. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ pé: “Ara ọmọ náà ti balẹ̀.”

Ìyàwó ilé kẹta ni ó pè mí sí kọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan. Ó ní: “Ààfáà akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan.” Ó fi àpò ọ̀rá kan hàn mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo aṣọ ọmọ náà ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ní nígbàkúùgbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, tàbí tí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé, ọmọ náà á dìde, á lọ gbé àpò rẹ̀, á sì dúró. Kì í béèrè ibi tí wọ́n ń gbé òun lọ. Ó kàn máa ń dúró ni.

Mo padà sílé, n kò lè jẹun. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ jù mí lọ, kí n sì ka ohun tí mo lè kà. Ohun tí mo rí nìyí.

KÍ NI ÌFARATÌ?

Ìfaratì ni okùn tí ó wà láàárín ọmọ àti ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo wa la ti rí i rí. Ẹ wo ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ní ọjà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan tòmátì, ó ń rìn lọ sí ìsọ̀ ẹni kejì, ṣùgbọ́n ó ń bojú wẹ̀yìn. Bí ewúrẹ́ bá ké lójijì, ìyá ni yóò sá tọ̀ lọ. Bí ìyá bá gbé e, tí ó gbá a mọ́ra, ẹkún á tán, ọmọ á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣeré.

Ohun méjì ni ẹni tí a fara tì ń ṣe fún ọmọ. Òun ni ibi tí ọmọ ń sá sí nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Òun náà sì ni ibi tí ọmọ ti ń gbéra láti lọ wo ayé. Àwọn kan rò pé ọmọ tí a bá ń gbé mọ́ra yóò ya ojo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ibi ìsádi wà lẹ́yìn òun ni ó ń láyà láti rìn jìnnà.

Dókítà ará Ìlú Ọba kan, John Bowlby (1907–1990), ni ó fi ìmọ̀ yìí lélẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ọmọ tí kò nílé pọ̀ ní Yúróòpù, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó ṣe ìwádìí lórí wọn, ìjábọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 1951. Ohun tí ó sọ ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Ó ní ìfẹ́ láti ọwọ́ ẹni kan tí kì í yí padà ṣe pàtàkì sí ọkàn ọmọ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ti ṣe pàtàkì sí ara rẹ̀.

James Robertson, tí òun àti Bowlby jọ ń ṣiṣẹ́, lọ wo àwọn ọmọdé tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù. Ní ìgbà náà ní Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ ọsibítù kì í jẹ́ kí òbí wá wo ọmọ bí ó ṣe wù wọ́n. Ní 1952, ó gbé fíìmù kan jáde nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan tí ó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ọsibítù. Àwọn méjèèjì ṣàlàyé pé ìpele mẹ́ta ni ọmọ tí a yà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó fara tì máa ń là kọjá.

Èkíní, yóò sunkún, yóò pariwo, yóò máa wo ẹnu ọ̀nà.

Èkejì, ìbànújẹ́ yóò bò ó, kò ní fẹ́ ṣeré, kò ní fẹ́ jẹun.

Ẹ̀kẹta, yóò dákẹ́. Yóò máa jẹun, yóò máa rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Àwọn nọ́ọ̀sì á ní ara rẹ̀ ti balẹ̀. Bowlby àti Robertson ní rárá, ara ọmọ náà kò balẹ̀. Ó ti ká ọkàn rẹ̀ kúrò lára ènìyàn ni.

Ẹ̀yin ará mi, nígbà tí mo ka ìpele kẹta yìí, mo rántí ohun tí mo kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI UGANDA

Ẹnìkan lè wí pé: “Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo agbo ilé ló ń tọ́ ọmọ.” Ìbéèrè rere ni. Ó dára kí a mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní nínú ilé àwọn ènìyàn.

Mary Ainsworth, tí ó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́ ní London, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Uganda ní 1954. Ní àwọn abúlé tó wà lẹ́bàá Kampala, láàárín àwọn Baganda, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ó ń jókòó ti àwọn ìyá 26 àti ọmọ ọwọ́ wọn 28, ó ń wo bí wọ́n ti ń ṣe. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1967. Ó rí i pé kì í ṣe ìyá nìkan ni ọmọ ń fara tì. Baba wà níbẹ̀, ìyá àgbà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń gbé ọmọ ni ọmọ ń fara tì. Díẹ̀ ni ó ń yàn nínú wọn. Ó tún rí i pé ìyá tí ó mọ ọmọ rẹ̀ dunjú, tí ó lè sọ bí ó ṣe ń sùn, ohun tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín àti ìdí tí ó fi ń ké, ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó gbé ìdánwò kan kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ọlọ́dún kan. Ìyá àti ọmọ á wọ yàrá tí ohun ìṣeré wà. Ìyá á jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì padà wọlé. Ohun tí ọmọ ṣe nígbà tí ìyá padà dé ni ó ń wò jù. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á sá tọ ìyá rẹ̀ lọ, á jẹ́ kí ó rẹ òun lẹ́kún, á sì padà sídìí eré. Ọmọ mìíràn á rọ̀ mọ́ ìyá, síbẹ̀ kò ní gba ìpẹ̀. Ọmọ mìíràn á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé kò rí i. Ẹ kíyè sí ẹni kẹta yìí. Lójú ẹni tí kò mọ̀, òun ni ó dà bí ẹni gbọ́n jù nínú wọn.

Nítorí náà, agbo ilé kì í ṣe ọ̀tá ìfaratì. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ dára, bí a bá ti rí ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn tí ọmọ mọ̀ pé tòun ni. Ohun tí ó ń ba ọmọ lọ́kàn jẹ́ ni kí ọwọ́ máa yí padà, bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń ṣí irúgbìn ata nípò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín òjò kan. Ewé rẹ̀ lè tutù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ráyè ta gbòǹgbò.

ÌGBÀ ÈWE ÀNÁBÌ WA (S.A.W.)

Kò yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí, nítorí a mọ ìtàn ọmọ òrukàn tó lọ́lá jù láyé. Bàbá rẹ̀, Abdullah, kú kí a tó bí i. Halimat, ará Banu Sa'd, ni ó fún un ní ọmú ní aginjù. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ Aminat kú ní Abwa, láàárín Mẹ́díínà àti Mẹ́kà. Bàbá bàbá rẹ̀, Abdul-Muttalib, gbà á. Lẹ́yìn ọdún méjì, òun náà kú, Abu Talib tí í ṣe arákùnrin bàbá rẹ̀ sì gbà á.

Bí a bá ka ìtàn yìí kíákíá, a ó rò pé láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni òun náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ikú ni ó ń mú ẹni lọ, kì í ṣe ìpàdé ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ tí Aminat kú, Barakat tí a ń pè ní Ummu Ayman, tí ó ti mọ ọmọ náà láti kékeré, wà níbẹ̀. Òun ni ó mú un padà dé Mẹ́kà. Abdul-Muttalib ní ẹní kan tí wọ́n máa ń tẹ́ fún un lábẹ́ òjìji Kaaba, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jókòó lé. Ọmọ yìí jókòó lé e. Nígbà tí àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ fẹ́ fà á kúrò, bàbá àgbà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Àwọn òpìtàn tún sọ pé nígbà tí Abu Talib ń múra láti lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Ṣáámù, ọmọ náà rọ̀ mọ́ ọn. Àánú ṣe Abu Talib, ó sì mú un dání. Ìyàwó Abu Talib, Fatimat ọmọ Asad, tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tí ó bí.

Nínú Súrà Duha, tí í ṣe Súrà 93, Ọlọ́hun rán Ànábì létí ìdẹ̀ra mẹ́ta tí Ó ṣe fún un. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ààbò tí Ó fún un nígbà tí ó jẹ́ ọmọ òrukàn ni ó ṣíwájú. Ìfinimọ̀nà tẹ̀ lé e. Ọrọ̀ ni ó gbẹ̀yìn. Àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì ṣàlàyé pé ààbò náà ni fífi tí Ọlọ́hun fi í sí abẹ́ ìtọ́jú àwọn ẹbí rẹ̀, pàápàá Abu Talib. Ènìyàn ni ààbò náà, kì í ṣe ilé. Bẹ́ẹ̀ Abu Talib kì í ṣe olówó. Ọmọ pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ẹnu. Bí ó bá ṣe pé èmi ni akọ̀wé ní Mẹ́kà nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí n dá a lábàá pé kí a gbé ọmọ náà lọ sí ilé tó lọ́rọ̀ jù. Kí Ọlọ́hun forí jì mí.

ILÉ ŃLÁ TÍ KÒ NÍ ÌYÁ

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìlú kan tí ìjọba rẹ̀ gbà pé ilé ńlá lè dípò ènìyàn. Ní Romania, ní ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù, olórí ìjọba wọn, Nicolae Ceaușescu, fẹ́ kí iye ènìyàn pọ̀ sí i. Ní 1966, ó fi òfin de oyún ṣíṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé bí ọmọ tí wọn kò lè bọ́, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí ilé ìtọ́jú ìjọba. Nígbà tí ìjọba yìí wó ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọmọ tó lé ní 100,000 ni ó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ òrukàn rárá. Òbí wọn wà láàyè, òṣì ni ó yà wọ́n. Olùtọ́jú kan ni ó ń wo ọmọ púpọ̀, àwọn olùtọ́jú sì ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn ọmọ ọwọ́ wà lórí ibùsùn tí wọn kì í ké, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé bí àwọn bá ké, ẹnikẹ́ni kò ní wá.

Ní 2000, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bucharest lórí ọmọ 136 tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n fi ìbò pín wọn sí méjì. Àwọn 68 lọ sí ilé alágbàtọ́, àwọn 68 yòókù wà níbi tí wọ́n wà, wọ́n sì ń tẹ̀ lé gbogbo wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyàtọ̀ hàn nínú òye wọn àti bí wọ́n ṣe ń fara ti ènìyàn. Ó hàn nínú bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ pàápàá. Àwọn tí wọ́n dé ilé alágbàtọ́ kí wọ́n tó pé ọdún méjì ni ó jèrè jù.

Ní Ìlú Ọba, Michael Rutter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọmọ 165 tí àwọn ìdílé gbà tọ́ láti Romania. Àwọn tí kò lò tó oṣù mẹ́fà nínú ilé ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn dàgbà bí àwọn ọmọ yòókù. Àwọn tí ó lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣòro bá ọ̀pọ̀ wọn dé ìgbà àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn yege. N kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni tí ó ń ṣe ilé ọmọ òrukàn pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ibùsùn àti oúnjẹ lè wà, kí ohun tó ṣe kókó má sí.

KÒ PIN SÍ ÌGBÀ ÈWE

Ìfaratì kì í tán nígbà tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ó ń bá wa rìn títí dé ọjọ́ ogbó.

Ní ilé-ìwé: Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1975, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ aláìní láti ìgbà tí wọ́n ti wà nínú oyún títí wọ́n fi dàgbà. Àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ lọ́dọ̀ olùtọ́jú ní kékeré ni ó mọ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣe jù, tí wọ́n sì ń dá ara wọn lójú jù nílé-ìwé.

Ní ìgbà ọ̀dọ́: Ọ̀dọ́ tí ó ní ẹni kan nílé tí ó lè sọ òótọ́ fún, yóò wá béèrè kí ó tó bọ́ sínú kòtò. Ẹni tí kò ní, ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ni yóò fara tì.

Ní ìgbà àgbà: Ọmọ ogójì ọdún ni Ànábì wa (s.a.w.) nígbà tí ìmísí kọ́kọ́ dé bá a nínú ihò Hira. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀dọ̀ Khadijat ni ó gbà lọ, ó ní kí wọ́n da aṣọ bo òun. Khadijat bò ó títí ẹ̀rù fi kúrò lára rẹ̀, ó rán an létí ìwà rere rẹ̀, ó sì bá a lọ sọ́dọ̀ Waraqat. Bí ọkùnrin tó lágbára jù nínú ìgbàgbọ́ bá nílò ẹni tí yóò sá tọ̀ ní ọjọ́ ìpayà, ta ni nínú wa tí kò nílò rẹ̀?

Ní ọjọ́ ogbó: Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Láti 1938 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard ti ń tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin kan títí wọ́n fi darúgbó. Wọ́n rí i pé àwọn tí inú wọn dùn sí àjọṣe wọn pẹ̀lú ènìyàn ní àádọ́ta ọdún ni ara wọn le jù ní ọgọ́rin ọdún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rètí nù nítorí ọmọ tí ìgbà èwe rẹ̀ kò dára. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner àti Ruth Smith tẹ̀ lé ọmọ 698 tí a bí ní 1955. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn ni a bí sínú òṣì àti ìdílé tó dàrú. Síbẹ̀, nínú ìdá mẹ́ta yìí, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́ta dàgbà di ènìyàn gidi. Lára ohun tí ó gbà wọ́n là ni pé wọ́n rí ẹnì kan, ó kéré tán, tí ó dúró tì wọ́n: ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, tàbí ẹlòmíràn tó fẹ́ràn wọn. Ẹnì kan péré ni o! Ó lè jẹ́ ìwọ tí ó ń ka ìwé yìí.

KÍ NI ÈYÍ NÍ Í ṢE PẸ̀LÚ SÀKÁ ÀTI SÀÁRÀ WA?

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, kí Ọlọ́hun san án ní ẹ̀san rere, ti yọ̀ǹda ilẹ̀ kí a lè kọ́ ilé ńlá tí a ó kó àwọn ọmọ òrukàn wa sí. Ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀ ni yóò pinnu. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni náà, mo sì mọ̀ pé láàda ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n nítorí ohun tí ojú mi rí, mo ní láti sọ èrò mi kí ìpàdé tó pé.

Èkíní: Kí a tó ṣí ọmọ kankan nípò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ó fara tì. Bí ẹni náà bá wà, tí kò sì pọ́n ọmọ lójú, òun ni kí a ràn lọ́wọ́. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2009 sọ pé kí òṣì nìkan má jẹ́ ìdí tí a ó fi gba ọmọ lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀.

Èkejì: Súrà 9, àyà 60, ka ìsọ̀rí mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Kò dárúkọ ọmọ òrukàn lọ́tọ̀. Gẹ́gẹ́ bí aláìní ni ọmọ òrukàn fi ń gbà á. Ìyá àgbà tí ó ń tọ́jú rẹ̀, bí òun náà bá jẹ́ aláìní, ó tọ́ sí i pẹ̀lú. Owó tí a ó fi kún òwò ẹ̀kọ rẹ̀, tàbí tí a ó fi tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ìtọ́jú ọmọ òrukàn ni. Ní ti ilé kíkọ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọwọ́ ẹni tó tọ́ sí ni sàká gbọ́dọ̀ dé. Nítorí náà, bí a ó bá kọ́ ilé, inú sàárà ni kí owó rẹ̀ ti jáde.

Ẹ̀kẹta: Kí a má ṣe ya tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Kí a má sì yí orúkọ bàbá ọmọ padà, nítorí Súrà 33, àyà 5, ti ṣe ìdájọ́ èyí. Kí ẹni tí ẹgbẹ́ ń rán lọ wo ọmọ lóṣooṣù jẹ́ ẹnì kan náà, tí ọmọ yóò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ọmọ tí kò ní ẹnikẹ́ni wà, a kò lè sẹ́. Fún irú wọn, ẹ jẹ́ kí ilé tí a ó kọ́ kéré: ọmọ díẹ̀, pẹ̀lú tọkọtaya tàbí ìyá kan tí yóò máa gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a ó sì máa san owó tó tó fún, kí ó má baà fi wọ́n sílẹ̀. Àgbà bọ̀, ó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

A ti dá ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹgbẹ́ fi owó kún òwò ìyá náà, a tún òrùlé wọn ṣe, olùkọ́ kan nínú wa sì ń lọ kọ́ ọmọ náà níwèé lópin ọ̀sẹ̀. Kò tètè rọrùn. Ó tó oṣù mélòó kan tí ó ṣì ń gbé àpò rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí mo bá sì dé, á wo ọwọ́ mi, á wo ọkọ̀ mi. Títí di ìsinsìnyí, ó máa ń jí lóru láti wò ó bóyá ìyá àgbà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, àlùbọ́sà ni ìyá àgbà kó sínú àpò náà. Ọmọ wà níta, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó kí mi, ó sì padà sídìí eré rẹ̀. N kò kọ ohunkóhun sínú ìwé àkọsílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Mo kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ta ni ìwọ fara tì nígbà tí o wà ní kékeré? Kí ni ẹni náà ṣe tí o kò gbàgbé?

2. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a yára sọ pé ara ọmọ tí kò sunkún ti balẹ̀?

3. Báwo ni Súrà Duha ṣe to ìdẹ̀ra mẹ́ta náà tẹ̀ léra, kí sì ni a rí kọ́ nínú rẹ̀ nípa ìtọ́jú ọmọ òrukàn?

4. Nínú àwọn ọmọ tí ẹ mọ̀ ládùúgbò yín, ta ni kò ní ẹni tí yóò fara tì? Kí ni ìwọ fúnra rẹ lè ṣe kí oṣù yìí tó parí?

Kí Ọlọ́hun gba sàká àti sàárà wa. Kí Ó bá wa wo àwọn ọmọ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá. Kí Ó tọ́jú àwọn ìyá àgbà àti gbogbo alágbàtọ́ tí ń fi ìwọ̀nba tí wọ́n ní tọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Kí Ó forí jì wá níbi tí a ti ṣe àṣìṣe lórí ẹrù tí Ó gbé lé wa lọ́wọ́, kí Ó sì jẹ́ kí a sún mọ́ Ànábì wa (s.a.w.) ní Àlùjáńnà gẹ́gẹ́ bí ìka méjì tí ó fi hàn àwọn sàhábà rẹ̀. Àmín.

 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́